Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀wù Ayẹta Wo Ló Yẹ Kí Ènìyàn Rà?

Lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ayẹta ti ń pọ̀ sí i, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A mú mẹ́rin nínú wọn lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni a fún ní àyè jù, nítorí pé ohun tí ó béèrè ni àwọn yòókù náà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó náwó.

Ìbéèrè: Ṣé èyí tó le jù ni kí n rà?

Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín kú iṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni èmi àti ìyàwó mi ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, a sì máa ń ṣí i di òru. Àwọn adigunjalè ti wọ ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ wa wá takú pé a gbọ́dọ̀ ra ẹ̀wù ayẹta. Nígbà tí mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo rí kò yé mi: òmíràn rọ̀, òmíràn ní pléètì irin, wọ́n kọ IIIA sára ọ̀kan, wọ́n kọ IV sára èkejì. Àbúrò mi sọ pé bí mo bá máa rà á rárá, kí n ra èyí tó le jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé òfin sì gbà wá láàyè?
*Bàbá oníṣọ́ọ̀bù, Houston*

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ewu, ẹ sì kú ìrọ́jú. Inú ìfẹ́ ni ìmọ̀ràn àbúrò yín ti wá, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀wù tó le jù kọ́ ló dára jù fún ẹni tó ń dúró nídìí káúńtà láti ọ̀sán títí di òru. Ohun tí ẹ ní láti kọ́kọ́ bi ara yín ni irú ìbọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi dojú kọ yín, nítorí pé kò sí ẹ̀wù kan tó ń dá gbogbo ọta dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀wù tó wúwo débi pé ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì ẹ̀yìn kò ní sí lára yín nígbà tí ewu bá dé. Ìbọn ìléwọ́, tó ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ni àwọn tó ń ja ṣọ́ọ̀bù lólè ní Amẹ́ríkà sábà máa ń mú dání. Ìbọn yẹn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Oríṣi méjì pàtàkì ni ẹ̀wù ayẹta. Ìpele-ìpele aṣọ tí òwú rẹ̀ lágbára ju irin lọ, bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wéra, ni wọ́n fi ṣe èyí tó rọ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú òwú bẹ́ẹ̀ ni Kevlar, tí ó jáde láti inú ohun tí Stephanie Kwolek, obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ DuPont, ṣàwárí ní ọdún 1965. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tún ń lo irú polyethylene kan, òwú oníke tó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí ọta bá wọ àárín ìpele wọ̀nyí, àwọn fọ́nrán òwú náà á dì í mú bí àwọ̀n ṣe ń di ẹja ńlá mú, wọ́n á tẹ orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fa agbára rẹ̀ tán kí ó tó dé ara. Ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kò sábà ju kìlógíráàmù méjì sí mẹ́ta lọ, ènìyàn sì lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Oríṣi kejì ni onípléètì, tí wọ́n fi irin, séràmíìkì (irú amọ̀ sísun tó le gan-an) tàbí polyethylene tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ṣe, òun sì ni wọ́n ṣe nítorí ọta ráífù, ìbọn gígùn tó lágbára ju ìbọn ìléwọ́ lọ. Pléètì séràmíìkì tó lágbára jù lè tó kìlógíráàmù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjì ni ènìyàn sì ń gbé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí a tó ka àpò tí wọ́n ń kì wọ́n sí.

Àwọn àmì tó ń da ojú yín rú wá láti ọ̀dọ̀ National Institute of Justice, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NIJ, ẹ̀ka ìwádìí lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà. Nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 0101.06, tó jáde ní ọdún 2008, IIA, II àti IIIA wà fún ìbọn ìléwọ́, nígbà tí III àti IV wà fún ráífù. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 2023, NIJ gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde, 0101.07, tó yí orúkọ wọn padà: HG1 dípò II, HG2 dípò IIIA, RF1 dípò III, RF3 dípò IV. Wọ́n fi RF2 sáàárín àwọn ti ráífù, wọ́n sì yọ IIA kúrò pátápátá. Orúkọ àtijọ́ àti tuntun ni ẹ máa bá pàdé lọ́jà, kí ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Kí ẹ lè mọ bí ìyàtọ̀ wọn ti tó, ọta ìbọn ìléwọ́ .44 Magnum tí wọ́n fi ń dán IIIA wò ń sáré bíi mítà 436 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ọta ráífù tí wọ́n fi ń dán III wò ń sáré bíi mítà 847, ìmú rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ìdí nìyí tí ẹ̀wù rírọ̀, bó ti wù kó nípọn tó, kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́kàn lé níwájú ráífù.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àwa ni ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, ẹ̀wù rírọ̀ tó jẹ́ IIIA tàbí HG2, tó ṣeé wọ̀ sábẹ́ aṣọ, ni kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín rà. Ẹ má ra pléètì irin. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn ìpolówó ọjà nítorí pé ó rọjú, kò sì tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọta bá kọlu irin líle, ọta náà á fọ́ túútúú, èérún rẹ̀ á sì fò gba ojú pléètì náà lọ sí ọrùn, àgbọ̀n àti apá ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ta á máa ń fi ọ̀dà rọ́bà kùn ún láti dá èérún náà dúró. A kò rò pé ó yẹ kí ènìyàn fi ọrùn ara rẹ̀ dán ọ̀dà náà wò. Séràmíìkì kò ní ìṣòro yẹn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá já lulẹ̀ ó lè sán nínú láìjẹ́ pé ojú rí i, ìwúwo rẹ̀ kò sì yẹ fún iṣẹ́ yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orí ìkànnì NIJ fúnra yín. Àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀wù tó yege wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà irú ẹ̀wù náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùtajà ń kọ ni pé àwọn ti “dán an wò ní ìlànà NIJ”. Ìyẹn kò sọ pé NIJ fọwọ́ sí i. Bí nọ́ńbà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀wù kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí olùtajà máa gbé ọjà rẹ̀ lọ, kódà bí ó bá dín owó rẹ̀ sí ìdajì.

Ìwọ̀n ara tún ṣe pàtàkì gan-an, àwọn ènìyàn kì í sì í bìkítà fún un. Iṣẹ́ ẹ̀wù yìí ni láti bo ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀. Etí òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò ọ̀fun díẹ̀, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúró lókè bẹ́líìtì, kó má baà máa ti ọrùn yín sókè bí ẹ bá jókòó. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí abala iwájú gùn lé abala ẹ̀yìn díẹ̀, kí àyè má baà wà lábẹ́ apá. Ní ti ìyàwó yín, ẹ má ra ti ọkùnrin fún wọn. Ẹ̀wù tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í lẹ̀ mọ́ àyà obìnrin dáadáa, ó sì máa ń ṣí àyè sílẹ̀ lábẹ́ apá, níbi tí ọta ti lè wọlé lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe ti obìnrin lọ́tọ̀, ẹ béèrè fún un.

Ẹ má sì ra àlòkù. Ẹ̀wù ayẹta kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ìsọ̀ òkìrìkà. Ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ìdánilójú ẹ̀wù rírọ̀, nítorí pé òógùn, ooru, ọ̀rinrin àti oòrùn máa ń ba òwú náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó korò jù lórí èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003, nígbà tí ọta ìbọn gba inú ẹ̀wù ayẹta kọjá, tó sì ṣe ọlọ́pàá kan léṣe ní Forest Hills ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Òwú kan tó ń jẹ́ Zylon ni wọ́n fi ṣe ẹ̀wù náà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin máa ń sọ Zylon di aláìlágbára, ní oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni NIJ sì kéde pé àwọn kò fọwọ́ sí ẹ̀wù oní-Zylon mọ́. Irú rẹ̀ ṣì lè wà nínú àpótí ẹnì kan tó fẹ́ tà á fún yín. Ní ti èyí tí ẹ bá rà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn Houston, ẹ má sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ má da búlíìsì sí i, ẹ má sì ká a. Ẹ yọ abala ayẹta kúrò nínú àpò aṣọ rẹ̀, kí ẹ fọ àpò náà nìkan. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu abala náà, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja títí yóò fi gbẹ nínú ibòòji.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀wù náà kò lè ṣe. NIJ gbà kí ọta tí ẹ̀wù bá dá dúró tẹ ẹ̀yìn ẹ̀wù náà wọnú dé mìlímítà 44 nínú amọ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò. Lára ènìyàn, ìyẹn lè fọ́ egungun ìhà, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan lójú awọ. Ẹni tí ọta bá bà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe òun. A gbọ́ pé àwọn kan máa ń yìnbọn sí ara wọn láti fi dán ẹ̀wù tuntun wò. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbìyànjú irú rẹ̀ láéláé.

Ẹ̀wù náà kò sì bo orí, ọrùn, apá, ìbàdí àti itan. Bí olè bá béèrè owó, kí ẹ fún un, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín sọ yín di ẹni tó ń bá a jiyàn. Nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà ní apá àti itan, a fẹ́ kí ẹ fi díẹ̀ nínú owó yín ra tourniquet, okùn tí a fi ń di apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ètò Stop the Bleed, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015, ń kọ́ ará ìlú ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì lóṣù kan náà, ẹ kọ́kọ́ ra okùn náà.

Ní ti òfin, Texas kò dí yín lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2002 ni ó fòfin de ẹ̀wù ayẹta fún ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá tó ní ìwà ipá nínú, Texas fúnra rẹ̀ sì ní òfin tirẹ̀ fún àwọn tó ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè rà á, kó sì wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Awakọ̀ ni mí ní New York

Mo ń wa takisí lálẹ́ ní Bronx. Ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ láti fi ẹ̀wù ayẹta ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo kọ àdírẹ́sì mi. Ọ̀rẹ́ mi ní New Jersey ní òun á rà á fún mi. Ṣé kò léwu?
*Awakọ̀ kan, Bronx*

Ìdáhùn: Ó léwu, ẹ má gbà á. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ayẹta onípléètì pa ènìyàn mẹ́wàá ní ilé ìtajà Tops ní Buffalo, tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń ra oúnjẹ. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, Aaron Salter, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, yìnbọn bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà dá ọta dúró, Salter fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kú. Nítorí ìyẹn ni ìpínlẹ̀ New York fi ṣe òfin lọ́dún kan náà pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí kò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀wù ayẹta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún un. Àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun wà nínú rẹ̀, Department of State ti ìpínlẹ̀ náà sì ni ó ń pinnu àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ẹ wo àkọsílẹ̀ wọn lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn bí ẹ bá rò pé ó yẹ kí iṣẹ́ yín wọ ibẹ̀. Àwa gbà pé ó dun ènìyàn pé awakọ̀ òru tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló wá ń fara gba ohun tí apànìyàn fà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀ràn ẹ̀wù fi àbùkù kan ìwé ìgbélùú yín. Ògiri tí ń dá ọta dúró láàárín awakọ̀ àti èrò, kámẹ́rà nínú mọ́tò àti bọ́tìnnì ìkìlọ̀ ni kí ẹ bá ẹni tó ni takisí sọ.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé

Ẹ̀gbọ́n mi ń rin ọ̀nà oko rẹ̀ ní Òkè-Ògùn déédéé, ọkàn mi kò sì balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Mo fẹ́ ra ẹ̀wù ayẹta rírọ̀ níbí ní Maryland, kí n fi í sínú àpótí tí a ń kó ránṣẹ́ sílé.
*Àbúrò wọn obìnrin, Maryland*

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ má fi í sínú àpótí náà. Ìjọba Amẹ́ríkà ka ẹ̀wù ayẹta mọ́ àwọn ohun tí ènìyàn kò lè kó ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, láìgba àṣẹ. Ilé Iṣẹ́ Ìṣòwò wọn ló ń fúnni ní àṣẹ fún èyí tó rọ̀, Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè sì ni fún pléètì tó lágbára jù. Ẹni tó bá fi í pamọ́ sáàárín aṣọ àti ọṣẹ lè rí ẹ̀wọ̀n he. Ní Nàìjíríà náà, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò ló ń fúnni ní ìwé tí wọ́n ń pè ní End User Certificate fún àwọn ohun èlò ààbò tó ń wọlé láti òkèèrè. Láìsí i, ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n máa bi léèrè bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn, bí àwọn ológun bá sì bá a lára wọn ní ojú ọ̀nà, wọ́n lè fura sí wọn pé ọ̀kan nínú àwọn ajínigbé náà ni wọ́n.

Kódà bí àṣẹ bá wà, ẹ̀wù rírọ̀ kò bá ewu yẹn mu. AK-47, irú ráífù kan, ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dènà de ènìyàn, ọta rẹ̀ sì ń gba inú IIIA kọjá. Pléètì tó tó RF1 ni wọ́n fi ọta irú ìbọn yẹn dán wò, kò sì sí àgbẹ̀ tó lè máa gbé méjì irú rẹ̀ ro oko. Owó tí ẹ fẹ́ ná yóò wúlò jù bí ẹ bá fi ra fóònù tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa fún wọn, tí ẹ sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti lè máa bá àwọn mìíràn rìn, kí wọ́n máa yí àkókò ìrìn wọn padà, kí wọ́n sì wà nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ àdúgbò wọn.

Ìbéèrè: Ọ̀bẹ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí

Ọmọ mi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé fàájì ní London. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀wù ayẹta IIIA fún un. Ṣé yóò dá ọ̀bẹ dúró?
*Ìyá kan, Peckham*

Ìdáhùn: Ìyá wa, kí ó má rà á nítorí ọ̀bẹ. Òwú tó ń di ọta olórí kùmọ̀ mú kò ní agbára kan náà níwájú ẹnu ọ̀bẹ tó mú, nítorí pé ọ̀bẹ máa ń gé fọ́nrán òwú tàbí kí ó ti wọn sápá kan. Ẹ̀wù tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀bẹ ni kí ó wá. Ní Britain, òṣùwọ̀n Home Office (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé) ti ọdún 2017 ni kí ó wò: KR1 àti KR2 ni ti ọ̀bẹ, KR2 sì ni ó ń fara da ìgúnni tó lágbára jù. Fún iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà, a rò pé KR1 tó fúyẹ́, tó sì bo ẹ̀gbẹ́ ìhà, sàn ju KR2 tí yóò máa bọ́ sílẹ̀ nítorí ooru. Bí àwọn tó gbà á síṣẹ́ bá mọ̀ pé ọ̀bẹ ń bẹ nínú ewu iṣẹ́ náà, ojúṣe wọn ni láti pèsè ẹ̀wù náà fún un láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kọ ìwé béèrè fún un, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà.